Ilé Là Á Wò: Títọpasẹ̀ Peter Adéníyì Thomas àti Àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú láti Èkó Nínú Ìwé Ogun Àgbáyé Kejì

Àṣamọ̀

Àwọn ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, RAF, fi pamọ́ nípa Ogun Àgbáyé Kejì máa ń sọ orúkọ, nọ́ńbà àti oyè ẹni kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í sábà sọ ilé tó ti wá. Àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó tó kú ní 1945, ó sì wo Akin Shenbanjo àti Bankole Vivour pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ìmọ̀ orúkọ Yorùbá, àkọtọ́ èdè náà àti ìtàn àwọn ìdílé Èkó jẹ́ irinṣẹ́ ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì láti Amẹ́ríkà ló fi díwọ̀n irú ẹ̀rí tó tó kí a tó fi orúkọ lé òkú lórí.

Ìfáàrà

Ní itẹ́ òkú Haycombe, ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n sin ọ́físà RAF kan sí, ẹni tó kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1945 nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Thomas. Ilẹ̀ Wales kò jìnnà sí Bath, Thomas sì jẹ́ orúkọ tó wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àlejò tó bá ń kọjá kò ní rí ohun tó lè yà á lẹ́nu nínú orúkọ náà.

Orúkọ ọ́físà yìí ní kíkún ni Emanuel Peter John Adeniyi Thomas. Nínú orúkọ márààrún, ọ̀kan péré ló jẹ́ Yorùbá. Àṣà tó wọ́pọ̀ lórí òkúta ibojì àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí wọ́n gé orúkọ tí òbí sọ ọmọ kúrú sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wá kọ orúkọ ìdílé tán pátápátá. Nínú irú ìkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà A kan ṣoṣo ló ń kù nínú Adéníyì. Ohun tó so ọkùnrin náà mọ́ ilé rẹ̀ ni wọ́n gé kúrú. Ohun tó mú kó jọ ará Wales ni wọ́n kọ ní kíkún.

Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó ń ṣèwádìí nínú ìwé ogun ń rin ìrìn òwe yìí láti ẹ̀yìn wá síwájú: orúkọ ló ń kọ́kọ́ bá pàdé, ilé ló sì ń wá. Ohun tó wà lọ́kàn iṣẹ́ yìí ni bí a ṣe lè ti ara orúkọ dé ilé láìṣìnà, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìtàn Yorùbá bí a kò bá dé ibẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí ogun ṣí

Ṣáájú ogun náà, ìlànà àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ni pé ẹni tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Yúróòpù pátápátá nìkan ló lè gba oyè ọ́físà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1939, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ àmúsìn kéde pé àwọn ọmọ ilẹ̀ wọ̀nyí tó wà ní Bìrìtìkó, títí kan àwọn tí kì í ṣe ìran Yúróòpù, lè gba oyè ọ́físà fún ìgbà ogun. Ìkéde náà kò dédé ti ọ̀run já bọ́. Àwọn ènìyàn dúdú tó wà ní London ti ń pariwo lórí ọ̀ràn náà, pàápàá jù lọ ẹgbẹ́ League of Coloured Peoples tí oníṣègùn Harold Moody dá sílẹ̀ ní 1931. Stella Thomas, ẹ̀gbọ́n Peter Thomas, wà lára àwọn tó bá a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ìjà tí ẹ̀gbọ́n wà nídìí rẹ̀ wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà tí àbúrò gbà.

Àwọn tó gba ọ̀nà náà láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò pọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ka nǹkan bí 50 ènìyàn tó fò gẹ́gẹ́ bí awakọ̀, atọ́nà, ajubọ́ǹbù, ayìnbọn tàbí ẹni tó ń bójú tó rédíò ọkọ̀. Lára wọn ni John Henry Smythe, ọmọ Freetown, atọ́nà tí àwọn Jámánì já ọkọ̀ rẹ̀ lulẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1943, tí wọ́n sì tì mọ́lé ní àgọ́ Stalag Luft I ní Barth títí ogun fi parí. Nítorí pé iye wọn kéré báyìí, àṣìṣe orí ẹnì kan ṣoṣo máa ń hàn nínú ìṣirò. Bí a bá fi ọmọ Yorùbá márùn-ún sílẹ̀ láàrin àwọn Thomas, Davies àti Williams tí ẹnikẹ́ni kò wò lẹ́ẹ̀mejì, ìdá mẹ́wàá gbogbo ìtàn náà ti sọnù.

Ohun tí ìwé ológun ń sọ, àti ohun tó fi pamọ́

Ibi tí olùwádìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kew. Níbẹ̀ ni ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ àwọn squadron wà, lábẹ́ àmì AIR 27. Oríṣi ojú ìwé méjì ni wọ́n: Form 540 ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ṣókí, Form 541 ń to ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó gbéra, àkókò tó lọ, àkókò tó dé àti orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Orúkọ ìdílé àti lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ni akọ̀wé squadron máa ń tẹ̀, bó sì ṣe gbọ́ ọ létí ló ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń kánjú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò sì ní àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

Ìwé kejì ni London Gazette, níbi tí ìjọba ti ń kéde ẹni tó di ọ́físà. Ìwé yìí ṣe pàtàkì nítorí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Ẹni tó wọ RAF gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán máa ń gba nọ́ńbà kan. Bó bá di ọ́físà, wọ́n á fún un ní òmíràn. Ènìyàn kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìwé bí ẹni méjì, ọ̀kan tó pòórá láìkú, èkejì tó yọ láìsí ìbẹ̀rẹ̀. Gazette sábà ń so méjèèjì pọ̀, nítorí ó máa ń tẹ nọ́ńbà ti àtijọ́ àti nọ́ńbà tuntun pa pọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni fáìlì àwọn tó kú tàbí tó sọnù, AIR 81, àti ìwé ìtàn iṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, tí ilé-iṣẹ́ ètò ààbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Kew ní 2022.

Nínú gbogbo èyí, RAF kò ní ààyè kan pàtó tí wọ́n ti ń kọ àwọ̀ tàbí ẹ̀yà ènìyàn. Ẹnì kan lè rí i bí ohun tó dára, ó sì dára lọ́nà kan: ẹni tó wọ ọkọ̀ di ọ̀kan nínú méje, kò di àlejò. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń wá àwọn èèyàn rẹ̀ ní 80 ọdún lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà dà bí ògiri.

Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àwọ̀ gan-an ni ẹ̀ka ìpolongo. Nígbà tí wọ́n mú Cy Grant, atọ́nà láti Guyana, ní ilẹ̀ Netherlands ní 1943, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ Nazi tẹ fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àkọlé tó sọ pé ẹ̀yà rẹ̀ kò ṣeé mọ̀. Àwọn ọ̀tá rí i, wọn kò lè fún un ní ilé. Ọmọdékùnrin kan wà ní abúlé tí ọkọ̀ Grant já sí; nígbà tó dàgbà, ó wádìí ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó sì rí Grant láàyè. Láti inú ìpàdé wọn ni àkójọ orúkọ àwọn ọmọ ogun òfurufú láti Caribbean ti jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ya fọ́tò Peter Thomas, wọ́n sì fi í hàn bí ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó di awakọ̀ àti ọ́físà nínú RAF. Ohun tí ìwé squadron kò sọ, ìpolongo sọ ọ́ nítorí ó wúlò fún un.

Ọ̀rọ̀ “àkọ́kọ́” náà fẹ́ ìṣọ́ra. William Robinson Clarke láti Jamaica ti wa ọkọ̀ òfurufú fún àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ní 1917. Nítorí náà, Thomas kì í ṣe awakọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Iyì tirẹ̀ ní ààlà, ààlà náà kò sì dín in kù.

Thomas ti Èkó

Bí Adéníyì bá ti fi hàn pé Yorùbá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ta wá ni Thomas? Ìtàn àwọn Sàró ló dáhùn. Láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19 ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì sì fún wọn ní orúkọ àwọn míṣọ́nnárì àti ti olóore ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkó, Abẹ́òkúta àti Badagry, orúkọ náà bá wọn padà. Ìdí nìyí tí Thomas, Davies, Johnson, Macaulay àti Williams fi jẹ́ orúkọ Èkó bíi ti London.

Àwọn kan lára àwọn ọmọ wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1894, David Brown Vincent, àlùfáà ìjọ Baptist, sọ ara rẹ̀ di Mọjọlá Agbébi. Àwọn ìdílé mìíràn gba ọ̀nà àárín: wọ́n fi orúkọ ìdílé sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì fi orúkọ Yorùbá sáàárín àwọn orúkọ ìsàmì ọmọ. Emanuel Peter John Adeniyi Thomas jẹ́ orúkọ irú ìgbà yẹn. Ẹni tí kò mọ ìtàn Sàró yóò rò pé Adeniyi kàn ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ ni.

Bàbá rẹ̀ ni Peter John Claudius Thomas, oníṣòwò láti Sierra Leone tó fìdí múlẹ̀ ní Èkó. Ní ilé yìí, orúkọ kan ń jẹ́rìí sí èkejì. Stella di agbẹjọ́rò ní London ní 1933, obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì di adájọ́ májísíréètì ní 1943. Stephen Peter Thomas, arákùnrin wọn, di adájọ́ àgbà ní ìpínlẹ̀ Àárín Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. “Peter” ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ̀ sára ọmọkùnrin méjèèjì, “John” sì tẹ̀ lé e sára awakọ̀ náà. Bí olùwádìí bá gbé ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Èkó àti ìwé RAF sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìdílé kan ṣoṣo ló ń yọ láti inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà náà ni ìbéèrè tó le jù dé: ọmọ ogun ta ni? Nàìjíríà ń pè é ní tirẹ̀. Sierra Leone lè tọ́ka sí bàbá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló wọṣọ rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì sùn sí. Fọ́ọ̀mù fẹ́ ìdáhùn kan. Ìtàn àwọn Sàró kò fara mọ́ ìdáhùn kan. Ọmọ Èkó ni, ilé Sàró ló ti wá, orúkọ Yorùbá sì wà láàrin orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀kan tó sì kọ ìyókù ti pa apá kan nínú ẹ̀rí tó fi rí i rẹ́.

Akin, Bánkólé àti àmì abẹ́ ṣ

Ìṣòro Thomas ni pé orúkọ rẹ̀ fara pamọ́ lábẹ́ ti ẹlòmíràn. Ìṣòro Akin Shenbanjo yàtọ̀: orúkọ rẹ̀ hàn kedere pé kì í ṣe ti Òyìnbó, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Squadron 76 ní Yorkshire ló bá fò, nínú ọkọ̀ Halifax kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ “Achtung! The Black Prince” sí lára: “Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ-Aládé Dúdú dé.” Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Fọ́tò ọkọ̀ yẹn ti wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, Roger Lambo sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe àkọlé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nínú RAF, tó jáde ní 1994.

Ọmọ-Aládé lókìkí, orúkọ ẹni náà ló nira láti wá. Láti ìgbà ìpàdé àkọtọ́ tó wáyé ní Èkó ní 1875 ni ìwé Yorùbá ti ń lo ṣ fún ìró tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní sh, ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kọ̀ọ̀kan kò jáwọ́ nínú sh, àwọn ẹlòmíràn sì ju àmì abẹ́ lẹ́tà nù. Ẹni tó ń wá irú orúkọ yìí nínú àkójọ orí kọ̀ǹpútà ní láti wá Shenbanjo, Senbanjo àti Sembanjo, kó sì tún fojú sọ́nà fún àṣìṣe akọ̀wé. Akin pẹ̀lú kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ Akínwándé, Akíntúndé, Akínṣànyà tàbí ogún orúkọ mìíràn, nítorí àwọn ẹgbẹ́ ológun a máa gé orúkọ kúrú kó lè yá lẹ́nu. Ẹ̀rọ ìwárí kò mọ èyí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n.

Bankole Beresford Vivour dúró láàrin méjèèjì. Squadron 156 ló bá fò, ó sì kú lójú ogun ní 1944. Vivour jẹ́ orúkọ àwọn Sàró Èkó tó lówó lọ́wọ́ ní ọ̀rúndún 19, Beresford sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì gidi. Bánkólé ni kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí wọ́n bí láti bá ni kọ́ ilé ni, bí orúkọ náà ti wí. Nínú ìwé, òun nìkan ló ń tọ́ka sí ilé náà.

Díwọ̀n ẹ̀rí: ìṣẹ̀lẹ̀ méjì láti Amẹ́ríkà

Ẹ̀rí orúkọ dùn, ó sì lè tan ni jẹ. Ó yẹ kí a fi í wé ìlànà àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dárúkọ òkú ogun. Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ 27 lára àwọn ènìyàn dúdú tó kọ́ṣẹ́ ní Tuskegee ni wọ́n kà sí ẹni tó sọnù nígbà ogun. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dá mọ̀ lára wọn ni Lawrence Dickson, ará New York. Ó gbéra láti Ramitelli ní Ítálì ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1944, ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ sì daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ń padà bọ̀. Ìròyìn àwọn tó bá a fò gbé ibi tó já sí lọ sí apá Tarvisio ní Ítálì. Àwọn tó wá a lẹ́yìn ogun kò rí nǹkan kan, ní 1949 wọ́n sì pa ìwé rẹ̀ dé. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún gbé ìròyìn ogun wé àkọsílẹ̀ àti ìmọ̀ àwọn ará agbègbè náà, ibòmíràn ni ìtọ́ka bọ́ sí: Hohenthurn, ní òdì kejì ààlà, ní Austria. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ní 2017. Ní oṣù Keje ọdún 2018 ni wọ́n kéde pé Dickson ni.

Ti Fred Brewer tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn ìwé àtijọ́. Ọkọ̀ rẹ̀ sọnù nínú kùrukùru ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 1944. Lẹ́yìn ogun, wọ́n hú òkú kan ní itẹ́ òkú aráàlú ní Ítálì, wọn kò lè sọ ẹni tó jẹ́, wọ́n sì sin ín sí Florence láìlórúkọ. Ní 2011, àwọn olùwádìí rí ìròyìn ọlọ́pàá Ítálì kan tó fi hàn pé inú ọkọ̀ ogun tó já ní ọjọ́ kan náà tí Brewer sọnù ni wọ́n ti gbé òkú yẹn. Ojú ìwé ọlọ́pàá ló ṣí ibojì náà ní 2022. Sáyẹ́ǹsì ló fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2023. Ọdún 12 ló wà láàrin rírí ìwé àti dídárúkọ.

Ohun méjì ló yẹ kí olùwádìí Yorùbá mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìwé tó ń tú àṣírí kì í sábà wà nínú fáìlì ọmọ ogun náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná jó ilé ìpamọ́ ìwé ológun Amẹ́ríkà ní St. Louis, mílíọ̀nù fáìlì tó lé ní 16 sì ṣòfò. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ibẹ̀ ti mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èkejì, ìjọra kì í ṣe ìdánimọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé òkú Florence ni Brewer kìkì nítorí pé ọjọ́ bára mu.

Ẹ̀rí mẹ́ta

Láti inú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí, ìlànà kan yọ tó bá ọ̀ràn Èkó mu. Kí ẹnikẹ́ni tó kéde pé ọmọ ogun òfurufú kan jẹ́ Yorùbá, ó yẹ kí ẹ̀rí mẹ́ta pàdé lórí rẹ̀: orúkọ, ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, nọ́ńbà, tí ó so ìwé kan mọ́ èkejì, àti ilé, láti inú àkọsílẹ̀ tí kì í ṣe ti ológun. Orúkọ láìsí nọ́ńbà lè da ẹni méjì pọ̀ di ọ̀kan. Nọ́ńbà láìsí ilé ń fi ọkùnrin náà sílẹ̀ ní Bath. Ilé láìsí nọ́ńbà jẹ́ ìtàn ìdílé tó lè jóòótọ́, tó sì lè jẹ́ ìfẹ́ ọkàn lásán.

Ẹ̀rí kẹta yìí ló wà lọ́wọ́ àwọn Yorùbá fúnra wọn. Apá kan wà ní ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ ní Ìbàdàn, tí Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1954, àti nínú ìwé ìròyìn Èkó ìgbà náà: Daily Times, West African Pilot àti Akéde Èkó. Apá kejì wà nínú ìwé ìsàmì ṣọ́ọ̀ṣì àti àkọsílẹ̀ ilé ìwé. Apá kẹta wà nínú àpótí: lẹ́tà, fọ́tò ẹni tó wọ aṣọ RAF, wáyà ìtùfọ̀ tí ìjọba fi ránṣẹ́. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè ti bá àwọn ọmọ-ọmọ kọjá òkun lọ sí Peckham, tàbí sí Staten Island ní New York, níbi tí àwọn ìdílé láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti tẹ̀dó sí Stapleton àti Clifton tó fara kàn án. Ẹni tó mọ ẹni inú fọ́tò ń dàgbà, àwọn mìíràn sì ti lọ. Fọ́tò tí kò lórúkọ lẹ́yìn yóò di ti Thomas kan ṣáá.

Àgbálọgbábọ̀

Wọn kò kọ ìtàn àwọn ọmọ ogun òfurufú láti Èkó ní ìkọ̀kọ̀. Ó wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè béèrè fún. Ohun tó bò ó ni pé àwọn tó kọ ìwé náà kò gbọ́ èdè orúkọ tí wọ́n ń kọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ èdè náà kò sì tíì ka ìwé. Ọ̀ràn Peter Adéníyì Thomas fi hàn pé nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ìdílé kan, ìjà kan lórí àwọ̀ ara, àti ìran kan tó lọ sí Freetown tó sì padà wálé ń yọ láti inú lẹ́tà A. Iṣẹ́ tó kù ni kí wọ́n ka àwọn Thomas, Davies àti Williams yòókù bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rí mẹ́ta lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi ẹni tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì pé sílẹ̀ láìsọ ọ́ lórúkọ títí ilé rẹ̀ yóò fi hàn.